Ìwé Èsì Kì Í Ṣe Èèwọ̀: Ìtàn Àyẹ̀wò Oúnjẹ Tí Kò Bá Ara Mu

Ní sáà tó kọjá, alábàágbé mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì mú ìwé àyẹ̀wò kan wálé. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu: inú á wú, á máa kùn, á sì gbé e sáré lọ ilé ìyàgbẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì san owó gọbọi. Nígbà tí èsì dé, oúnjẹ 21 ni wọ́n fi àmì pupa sí: ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀pà, búrẹ́dì, tòmátì, mílíìkì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lẹ ìwé náà mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan mìíràn mọ́ ju ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, tíì nìkan ni kò lè fi sílẹ̀. Ó rù débi pé ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Inú náà kò sì yé dà á láàmú.

Ìmọ̀ ìtàn ni mò ń kọ́, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo ìwé náà lára ògiri, èèwọ̀ ló jọ lójú mi. Bàbá mi kì í jẹ òkété, torí pé bàbá tirẹ̀ kò jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Èèwọ̀ kì í dúró ṣàlàyé ara rẹ̀. Àmọ́ àyẹ̀wò ní ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, ó ní ọdún tí wọ́n ṣe é, ó sì ní ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn. Ìbéèrè yẹn ni mo wá lọ.

Ẹja Küstner

Ní 1906, dókítà ọmọdé kan ní ìlú Vienna, Clemens von Pirquet, fa ọ̀rọ̀ kan yọ láti inú èdè Gíríìkì: allergy. Ohun tó ń sọ ni pé bí ara bá ti pàdé nǹkan kan rí, ìṣe rẹ̀ sí nǹkan náà lè yí padà. Orúkọ ti wà. Ẹ̀rí ló kù.

Ní 1921, ní Breslau, tó jẹ́ ti Jámánì nígbà náà (Wrocław ni à ń pè é lónìí, ó ti di ti Poland), dókítà méjì fi ara wọn dán nǹkan wò. Heinz Küstner kì í lè jẹ ẹja sísè. Bó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á sú, á sì máa yún un. Ẹja kò ṣe Carl Prausnitz ní nǹkan kan. Wọ́n fa omi inú ẹ̀jẹ̀ Küstner, wọ́n gún un sí awọ ikùn Prausnitz. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gún omi ẹja sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ wú, ó sì pọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa ìjà náà.

Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Küstner ti mọ̀ pé ẹja ń bá òun jà kí abẹ́rẹ́ tó dé. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àyẹ̀wò wá tẹ̀lé e láti ṣàlàyé.

E yàtọ̀ sí G

Ó tó nǹkan bí ọdún 45 kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Tọkọtaya ọmọ Japan, Kimishige àti Teruko Ishizaka, ṣàwárí rẹ̀ ní Denver, Amẹ́ríkà, ní 1966. Gunnar Johansson àti Hans Bennich náà kàn án ní Uppsala, ní Sweden. Ní 1968, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ rẹ̀: IgE. Ọ̀kan ni nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ara ń rán sínú ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn kan, ẹ̀ṣọ́ yìí á rí ẹja tàbí ẹ̀pà bí olè, á sì fariwo ta lójú ẹsẹ̀.

IgE pàápàá kò lè dá ẹjọ́ nìkan. Ní 1976, Charles May, ní Denver kan náà, fi oúnjẹ pamọ́ sínú kápúsù fún àwọn ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí wọ́n má baà mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti ní oúnjẹ kan ń bá jà ni kò ṣe nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n lórí ìwé alábàágbé mi, E kọ́ ni mo rí. IgG ni. Ẹ̀ṣọ́ mìíràn ni èyí, ó sì máa ń jáde sí ohun tí ara ti bá pàdé, títí kan oúnjẹ tí à ń jẹ déédéé. Ní 2008, àwọn dókítà allergy ilẹ̀ Yúróòpù sọ nípa IgG4, tó jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ kan, pé àmì pé ara ti mọ oúnjẹ náà ni, kì í ṣe àmì àìsàn. Ẹgbẹ́ ti Kánádà náà kìlọ̀ ní 2012 pé kí a má fi àyẹ̀wò IgG wá oúnjẹ tí kò bá ara mu.

Mo tún ìwé ara ògiri kà. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀pà, búrẹ́dì, tòmátì. Orúkọ ọ̀tá kọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun tí a ti ń jẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láti ọdún kìíní ni.

Mílíìkì

Ohun kan ṣoṣo ló dá mi dúró: mílíìkì. Ìtàn tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ kọ́ ni èyí, ọ̀rọ̀ ṣúgà ni. Ìfun ọmọ ọwọ́ ní èròjà kan, lactase, tó ń fọ́ ṣúgà inú mílíìkì. Bí èròjà yìí bá dínkù, ṣúgà náà á lọ bá àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá, wọ́n á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, inú á wú, á sì ṣí. Ní 1965, àwọn dókítà ní Baltimore rí i pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kò lè da ṣúgà yìí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ni nínú àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n pè é ní àìtó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Olikoye Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, tó ń kọ́ni ní ìṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó kó tó di mínísítà ètò ìlera, pẹ̀lú Norman Kretchmer láti Stanford, fún àwọn Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Fúlàní ní ṣúgà náà mu, wọ́n sì ń wo bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń gòkè. Ti ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran gòkè. Láàárín àwọn Yorùbá tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú tipẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí tirẹ̀ gòkè.

Ṣé odidi ìran lè máa ṣàìsàn láìmọ̀? Bí wọ́n ṣe ń yẹ ènìyàn wò káàkiri ayé ló hàn pé àwa la pọ̀ jù. Àwọn tó ń da mílíìkì dàgbà ni wọ́n yàtọ̀. Èsì kò yí padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló yí padà. Àwọn tó ń ṣe wàrà sì ti yanjú rẹ̀ tipẹ́: wọ́n á fi ewé bọ̀mùbọ̀mù mú mílíìkì dì, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ nù, ọ̀pọ̀ ṣúgà náà á sì bá omi lọ.

Nítorí náà, bí ìwé náà ṣe dárúkọ mílíìkì, àfọ́jú tó ju òkò tó sì ba ẹyẹ ni. Àyẹ̀wò IgG kò lè rí ọ̀rọ̀ ṣúgà.

Ohun tí a ṣe

A kọ gbogbo ohun tí alábàágbé mi ń fi sẹ́nu sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mílíìkì oníyẹ̀fun ló ń bù sínú tíì ní alaalẹ́ tó bá ń kàwé. Ó ti ka orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò ka ti inú tíì sí. A mú àkọsílẹ̀ náà lọ bá dókítà. Ó ní kí ó dá oúnjẹ yòókù padà, kí ó yọ mílíìkì nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì tún mu ún wò lẹ́yìn náà. Inú rọlẹ̀. Lọ́jọ́ tó tún mu ún, inú kùn.

Ti ẹlòmíràn lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ètè rẹ̀ bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ dán an wò nílé. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń rù tàbí tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀.

Bí irú ìwé yìí bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ ara yín: kí gan-an ni wọ́n wọ̀n? Ti alábàágbé mi ti kúrò lára ògiri. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ló jẹ láàárọ̀ yìí.