Kékeré Ìrókò: Àlàyé lórí Ìwọ̀n Kóró àti Ìdàgbà Èhù Igi

"Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́." Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí, ìtumọ̀ tí àwọn àgbà fún un sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú igbó wò ó yóò rí i pé àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á ti kíyè sí ohun kan tí àwọn onímọ̀ ewéko ṣì ń wádìí títí di òní, èyí ni pé igi tí gbogbo ayé ń wárí fún nígbà àgbà rẹ̀ wà lára àwọn tí ó rọrùn jùlọ láti pa nígbà èwe. Inú kóró tí igi náà ti jáde ni ìdí rẹ̀ wà, nítorí ohun tí ìyá igi bá dì sínú kóró ni èhù yóò máa jẹ títí ewé tirẹ̀ yóò fi lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ.

Nínú kóró igi kọ̀ọ̀kan ni ọlẹ̀ kan wà, tí í ṣe igi kékeré tí kò tíì jí, oúnjẹ rẹ̀ a sì máa wà nítòsí rẹ̀, yálà ó jẹ́ sítáàṣì, òróró tàbí èròjà amúaradàgbà. Obì fi èyí hàn kedere, nítorí awẹ́ obì tí a ń fọwọ́ là, tí a sì ń jẹ, ni àká oúnjẹ náà gan-an. Gbànja a máa ní awẹ́ méjì, obì àbàtà a sì máa ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin ni ó sì wọ́pọ̀ jù, ibi tí àwọn awẹ́ náà ti pàdé ni ọlẹ̀ fara pamọ́ sí. Bí a bá gbin obì, awẹ́ rẹ̀ kì í jáde sókè. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó máa ń wà, tí gbòǹgbò yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kí ọ̀mùnú tó yọ, èhù yóò sì máa fa oúnjẹ láti inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Igi tí kóró rẹ̀ rí báyìí lè fara da kí ẹranko já ọ̀mùnú rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ, nítorí ohun tí yóò fi yọ òmíràn ṣì wà nílẹ̀.

Ìrókò kò ní irú àká bẹ́ẹ̀. Kóró rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 lọ ní gígùn, iye rẹ̀ tí yóò pé kílógíráàmù kan sì lé ní 400,000; bí a bá gbé kóró gbànja kan tí ó wọn gíráàmù 15 sórí ìwọ̀n, kóró ìrókò tí yóò bá a dọ́gba yóò lé ní 6,000. Èhù tí ó ti inú kóró tín-ín-tín bẹ́ẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ tètè rí ìmọ́lẹ̀, nítorí oúnjẹ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ewé àkọ́kọ́ tó là, bí ewé gbígbẹ tí ó bò ó bá sì nípọn, kò ní lè gún un jáde. Bí ó bá yọ nínú èyí, kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma lata, tí í máa yé ẹyin sára ọ̀mùnú rẹ̀. Ọmọ kòkòrò náà á wọ inú ọ̀mùnú, ibẹ̀ á wú di kókó, nígbà tí kókó náà bá sì là, ọ̀mùnú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti òkè wá sísàlẹ̀. Àgbà ìrókò kò ka èyí sí ohunkóhun, ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ti pa èhù ìrókò ní nọ́sìrì débi pé gbígbin igi náà ní oko ńlá kò tíì rọrùn ní Nàìjíríà tàbí ní Gánà. Ìgbà kékeré tí òwe ń tọ́ka sí nìyí.

Ó yẹ kí a bèèrè ìdí tí ìrókò fi di kóró rẹ̀ báyìí. Ní ọdún 1974, Christopher Smith àti Stephen Fretwell gbé àlàyé kan jáde tí ó ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: oúnjẹ tí ìyá lè pín fún ọmọ ní òpin, nítorí náà bí ó bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní púpọ̀, iye ọmọ yóò dín, bí ó bá sì fẹ́ kí ọmọ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba díẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ìrókò mú. Àdán a máa jẹ èso rẹ̀ lóru, a sì máa gbé kóró rẹ̀ lọ sí ibi tí ó jìnnà, kí ó lè jẹ́ pé nínú ọ̀kẹ́ àìmọye tí ó bọ́ sílẹ̀, díẹ̀ yóò bọ́ sí ibi tí igi ńlá kan ti wó, tí oòrùn sì ti ń wọlé. Lábẹ́ igbó tí ó ṣú dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dé ilẹ̀ kì í sábà ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Èhù obì tàbí ti orógbó lè wà nínú òkùnkùn yìí bí arìnrìn-àjò tí ó di oúnjẹ ọ̀nà dání, ṣùgbọ́n èhù ìrókò kò lè dúró pẹ́.

Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ọ̀rọ̀ á yí padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Kóró ńlá a máa bí èhù tí ó tóbi ní ọjọ́ tí ó hù, ṣùgbọ́n èhù kóró kékeré ni ó sábà máa ń yára dàgbà bí a bá fi ohun tí ó fi kún ara rẹ̀ wé ìwọ̀n tí ó wà tẹ́lẹ̀, nítorí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì fẹ̀, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ fún ìwọ̀nba ohun tí a fi kọ́ ọ. Kí a gbà pé èhù kan wọn gíráàmù 1, tí ó sì ń di ìlọ́po méjì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí èkejì sì wọn gíráàmù 8, ṣùgbọ́n tí ó ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó di ìlọ́po méjì. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, àkọ́kọ́ yóò wọn 8, èkejì yóò wọn 16. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà, àkọ́kọ́ yóò ti di 64, èkejì yóò sì wà ní 32.

Ìmọ̀ pé èhù igi gẹdú ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni ó mú kí ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó igbó ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1944, nínú èyí tí wọ́n ń pa díẹ̀díẹ̀ lára àwọn igi tí ó bo òkè, kí oòrùn lè dé ọ̀dọ̀ àwọn èhù tí ó hù fúnra wọn. Àwọn ìtàkùn ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n sì bo àwọn èhù mọ́lẹ̀, a sì pa ètò náà tì láàárín àwọn ọdún 1960.

Ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn àti Kwara, ewu tí ó wà fún èhù ni iná ìgbẹ́, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí sì mọ bí ó ṣe ń lo kóró ńlá rẹ̀ lọ́nà ìyanu. Nígbà tí kóró náà bá là, ohun tí ó kọ́kọ́ yọ a máa wọ inú ilẹ̀ lọ, a sì gbé ibi tí ọ̀mùnú yóò ti yọ lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Láti inú ilẹ̀ ni ọ̀mùnú yóò ti wá máa gun òkè bọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá jó ewé rẹ̀ tán, ojú tí yóò tún rú wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ooru kò dé. Kóró kékeré kò ní oúnjẹ tí ó lè ná sórí irú ìrìn àlọ-àbọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárín kóró igi kan náà, èyí tí ó tóbi ni ó sábà máa ń fún wa ní èhù tí ó ga, tí ó sì nípọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdí nìyí tí a fi ń gba àwọn àgbẹ̀ kòkó nímọ̀ràn pé kí wọ́n mú kóró àárín èso fún gbígbin, kí wọ́n fi ti ìkángun méjèèjì sílẹ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ náà a máa dín kù bí ewé bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kóró, ó sì jẹ́ àṣìṣe láti rò pé kóró kékeré ní àjogúnbá tí kò dára, nígbà tí omi, ilẹ̀ àti ibi tí kóró wà nínú èso wà lára ohun tí ń pinnu ìwọ̀n rẹ̀. Nọ́sìrì tí ó bá da gbogbo kóró kékeré nù lè bá ara rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ìyá igi méjì tàbí mẹ́ta péré, igbó tí a bá sì gbìn láti inú wọn kò ní ní oríṣiríṣi tí ó lè fi kojú àrùn.

Kóró obì, kòkó àti ti igi òrí kún fún omi, wọ́n sì máa ń kú bí a bá sá wọn gbẹ, nítorí náà kí a tètè gbìn wọ́n. Kóró àpá tóbi ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó le, ó sì gbẹ, ó ṣeé tọ́jú. Ti ìrókò ni kí a fi yanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, kí a sì rọra bu omi sí i kí ó má baà gbá a lọ. Ẹni tí ó bá ń kó kóró jọ láti fi gbin igbó padà, kí ó ṣà á lábẹ́ ìyá igi púpọ̀, kí ó gbin ńlá àti kékeré sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí èyí tí ó ga má baà ṣíji bo èyí tí ó kúrú, kí ó má sì ṣe da èhù kékeré nù kí ewé rẹ̀ tó ní àǹfààní láti ṣiṣẹ́.