Bí bọ́ọ̀lù ṣe kúrò ní Yunifásítì Chicago

Bí ọdún bá dé báyìí, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì a máa gbá bọ́ọ̀lù, àwa olùkọ́ a sì máa jiyàn: ṣé bọ́ọ̀lù kò ti ń gba àyè ìwé? Iyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jà á ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà títí ó fi pa bọ́ọ̀lù wọn.

Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ó rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹni tó bá gbé e ni àwọn yòókù yóò rọ́ lù.

Ní 1892 tí yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, Amos Alonzo Stagg ti wà níbẹ̀ láti kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ọdún 41 ló fi ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe pápá wọn. Ní 1935, akẹ́kọ̀ọ́ wọn, Jay Berwanger, ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn tí à ń pè ní Heisman lónìí, èyí tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù yunifásítì níbẹ̀ ń lé.

Ṣùgbọ́n Robert Maynard Hutchins ti di olórí ibẹ̀ láti 1929, ọmọ ọgbọ̀n ọdún péré. Lójú tirẹ̀, ìwé ló gbé ọmọ wá sí yunifásítì. Àwọn ilé ìwé mìíràn ń fi owó fa agbábọ́ọ̀lù mọ́ra, Chicago kọ̀. Stagg pé 70 ọdún, wọ́n ní kó lọ sinmi. (Kò sinmi o, ó lọ kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní Kalifọ́níà.) Ní 1939, Harvard fi 61 sí òdo lù wọ́n, Michigan fi 85 sí òdo, Ohio State náà fi 61 sí òdo. Ẹ wo àwọn ọmọ tó tún wọ aṣọ eré padà sí pápá lẹ́yìn ìyẹn! Àwọn ni mo máa ń rò jù. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, ìgbìmọ̀ aláṣẹ fòpin sí i.

Olùkọ́ ni mí, mo fara mọ́ Hutchins lórí ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n kí a fa nǹkan tu tegbòtegbò nítorí pé ó ń ṣàìsàn, èmi ò gbà. Àwọn náà kò gbà á títí: bọ́ọ̀lù padà ní 1969, láìsí pé wọ́n ń fi owó fa ẹnikẹ́ni wá gbá a.

Kó tó padà, pápá náà ti rí nǹkan. Ní 2 Oṣù Kejìlá 1942, lábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran tó ti ṣófo, Enrico Fermi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tú agbára átọ́ọ̀mù sílẹ̀ lọ́nà tí ènìyàn lè ṣàkóso, iṣẹ́ tó ṣí ọ̀nà fún bọ́ǹbù 1945. Wọ́n ti wó ìjókòó náà. Ilé ìkówèésí ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Pápá mìíràn tí wọ́n ń lò ṣì ń jẹ́ orúkọ Stagg.