Òdòdó Sálúbàtà: Ìtàn Ewéko Kan Tí Ó Kù Kan Ṣoṣo ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ́ ìtàn ewéko kékeré kan tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Ó lè ṣe àjèjì létí pé ìfẹ́ lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó rí i pé ọwọ́ àwọn tí ó ń yìn ín gan-an ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Ewéko náà jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé òdòdó tí a ń pè ní ọ́kídì. Púpọ̀ nínú ọ́kídì ilẹ̀ olóoru ni ó ń gbé orí igi, tí ènìyàn sì lè kà mọ́ àfòmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fa oje igi mu. Èyí tí a ń sọ yìí kì í gun igi. Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Cypripedium calceolus. Àwa yóò máa pè é ní òdòdó sálúbàtà, nítorí pé ọ̀kan nínú ewé òdòdó rẹ̀ wú, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní ihò gẹ́gẹ́ bí iwájú sálúbàtà. Àwọn ìyókù tí ó yí i ká pọ́n, wọ́n sì dúdú díẹ̀. Ó ń hù ní ibi púpọ̀ ní Yúróòpù àti Éṣíà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àríwá nìkan ni a ti ń rí i, níbi tí òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀, irú òkúta tí a ń sun láti fi ṣe sìmẹ́ńtì.

Ní ọdún 1629, John Parkinson, apòògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ọgbà òdòdó. Nínú rẹ̀ ni ó ti dárúkọ obìnrin kan, Thomasin Tunstall, tí ó ń gbé nítòsí Hornby ní àríwá, ẹni tí ó máa ń fi gbòǹgbò òdòdó yìí ránṣẹ́ sí i. Parkinson gbìn wọ́n sínú ọgbà rẹ̀, wọ́n sì yọ òdòdó dáradára. A kò dá obìnrin náà lẹ́bi. Ní ayé ìgbà náà, ta ni ìbá rò pé igbó lè ṣófo?

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹnì kan là ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tọ̀. Olùṣọ́gbà wú u láti gbìn. Aláròóbọ̀ wú u láti tà lọ́jà. Ọ̀mọ̀wé wú u láti tẹ̀ ẹ́ gbẹ sáàárín ìwé. Wọ́n gé igbó lulẹ̀ pẹ̀lú, ẹran ọ̀sìn sì ń jẹ ohun tí ó kù. Bí ó ti ń di ọ̀wọ́n ni ojú ń wọ̀ ọ́ sí i. Nígbà tí ó di ọdún 1917, wọ́n kéde pé ó ti parun ní ilẹ̀ náà.

Ẹnì kan lè bi wá pé: kí ló dé tí irúgbìn rẹ̀ kò fi hù láti dí àlàfo àwọn tí a wú? Ìdáhùn rẹ̀ kò hàn sí ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́. Irúgbìn ọ́kídì kéré bí eruku. Kò ní oúnjẹ nínú gẹ́gẹ́ bí àgbàdo tàbí ẹ̀wà ti ní, èyí tí ọ̀mùnú rẹ̀ yóò máa jẹ kí ó tó yọ ewé. Ní ọdún 1899, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Noël Bernard, ẹni ọdún 25, rí irúgbìn ọ́kídì ilẹ̀ mìíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nínú igbó Fontainebleau. Nígbà tí ó yẹ̀ wọ́n wò, ó rí fọ́nrán tín-ín-rín nínú wọn, tí í ṣe ti ẹ̀yà kan nínú ìdílé olú. Fọ́nrán inú ilẹ̀ yìí ni ó ń bọ́ irúgbìn náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: láìsí fọ́nrán náà, irúgbìn ọ́kídì kò lè dá dìde nínú igbó.

Ẹ kíyèsí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí ó wú òdòdó sálúbàtà lọ sí ilé mú ìyá lọ, ó sì fi alágbàtọ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú igbó. Ìyá lè pẹ́ nínú ọgbà kí ó sì máa yọ òdòdó, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó fi ọmọ rọ́pò ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1930 ni ìròyìn ayọ̀ dé: wọ́n rí ẹyọ kan ní Yorkshire. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó kù. Àwọn tí ó mọ ibẹ̀ pa ẹnu mọ́. Ní ọdún 1970 wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan láti máa bójú tó o, wọ́n sì ń fi ẹ̀ṣọ́ tì í ní àkókò tí ó bá ń tanná. Láti ọdún 1975 ni òfin ìjọba ti dáàbò bò ó.

Ìṣọ́ nìkan kò tó. Bí òdòdó yìí yóò bá so, oyin kékeré ni í bọ́ sínú sálúbàtà náà; kò ní rí oje dídùn kankan níbẹ̀, yóò sì fún ara rẹ̀ jáde ní ọ̀nà tóóró lẹ́yìn, níbi tí ìyẹ̀fun akọ òdòdó yóò ti lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Ọ̀dọ̀ òmíràn wo ni yóò gbé e dé, nígbà tí ó kù kan? Nítorínáà àwọn olùtọ́jú fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ oyin. A kò sì gbọdọ̀ fi òtítọ́ kan pamọ́: díẹ̀ nínú àwọn tí a ti wú nígbà àtijọ́ ṣì wà láàyè nínú ọgbà àwọn ènìyàn, wọ́n sì wúlò láti fi bá ti inú igbó so pọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Lewis Knudson ti Yunifásítì Cornell ti fi hàn ní ọdún 1922 pé irúgbìn ọ́kídì lè hù nínú ìgò láìsí fọ́nrán olú, bí a bá fún un ní ṣúgà àti àwọn iyọ̀ ilẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ní ọgbà Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ ní ọdún 1983, tí ìdílé Sainsbury fi owó ràn lọ́wọ́. Òdòdó sálúbàtà ṣòro ju ọ̀pọ̀ lọ. Wọ́n rí i pé ó yẹ kí a já èso rẹ̀ ní tútù, kí èèpo irúgbìn tó le. Kí a mú gbogbo ìdọ̀tí kúrò, kí ebu má bàa bò ó nínú ìgò. Kí a sì fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí ibi tútù fún ìgbà kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé wọ́n la ìgbà òtútù kọjá, kí wọ́n tó bọ́ sí ilẹ̀.

Ní ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbin àwọn ọmọ náà padà sí àríwá. Ìgbín aláìníkarahun jẹ nínú wọn, àwọn mìíràn sì kú. Ọdún 2000 ni èyí àkọ́kọ́ tó tanná: ọdún 11 gbáko fún òdòdó kan! Lẹ́yìn náà ni òmíràn tẹ̀lé e. Àwọn ará wa tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lọ wò wọ́n ní Gait Barrows, ní Lancashire, ní ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wà ní ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀, tí ó sì fẹ́ gbin irú òdòdó yìí, kí ó rà á lọ́wọ́ àwọn tí ó fi irúgbìn tọ́ ọ, kí ó má ṣe wú u nínú igbó. Kí ó wá ibi tí òjìji díẹ̀ wà, tí omi kì í dúró sí, tí kì í sì í gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn tí ó bá gbìn ín, kí ó fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ láìtú, nítorí pé kò fẹ́ ìṣípòpadà.

Gbòǹgbò kan nínú àpótí, láti Hornby dé Lọ́ńdọ̀nù, kò náni ju ìrìn ọjọ́ díẹ̀ lọ. Láti dá ẹyọ kan padà sí igbó gba òfin, ìgbìmọ̀, ẹ̀ṣọ́, ìgò àti ọdún 11. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn nígbà tí ọwọ́ wa bá fẹ́ nà sí ohun tí ó lẹ́wà ní àyè rẹ̀.