Ojú Ìwé ni Ọ̀nà Òǹkàwé: Bí Ìwé Ìròyìn Yorùbá Ṣe Kọ́ Láti Di Òǹkàwé Mú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lójúkojú ní ohùn, ó ní ọwọ́ tí ó fi ń ṣàpèjúwe, ó sì lè dákẹ́ díẹ̀ kí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ lè mí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di kíkọ, gbogbo ìwọ̀nyí ti lọ. Ojú ìwé nìkan ni ó kù. Bí a bá ti to ojú ìwé náà ni yóò sọ bóyá òǹkàwé yóò jókòó tì í tàbí yóò kọjá lọ. Ìtàn ìwé ìròyìn Yorùbá jẹ́rìí sí èyí.

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde, ọgọ́fà (120) owó ẹyọ sì ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Òpó méjì ni wọ́n pín ojú ìwé rẹ̀ sí, kò sì sí àwòrán kankan níbẹ̀. Lójú ẹni òde òní, ó lè dà bí ohun gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kà á ni ìwé kíkà ṣì jẹ́ tuntun sí. Ìlà kúkúrú inú òpó kì í jẹ́ kí ojú ṣìnà nígbà tí ó bá ń padà wá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Ìrúkèrúdò ọdún 1867 ní Abẹ́òkúta ni ó fi òpin sí ìwé náà.

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ sí i: Eko Akete, Eleti Ofe, Yoruba News ti Ìbàdàn àti Akede Eko. Òǹkàwé tí ó wà kò tó nǹkan, gbogbo wọn sì ń dù ú. Ní 1929, I. B. Thomas, olóòtú Akede Eko, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde. Kò to ìtàn náà bí ìtàn àròsọ. Bí lẹ́tà ni ó tò ó, tí obìnrin kan tí àìsàn ti dá wó ń kọ sí olóòtú. Ìkíni wà ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ wà ní ìparí, orin ìgboro Èkó sì wà láàárín. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń já ìtàn náà fún wọn, kí ara wọn lè wà lọ́nà títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn òǹkàwé fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nípa Ṣẹ̀gilọlá. Ní 1930, ìtàn náà di ìwé odidi.

Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, Atọ́ka tún mú ọ̀nà mìíràn wá. Àwòrán àwọn òṣèré tíátà alárìnjó ni ó fi ń sọ ìtàn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Ẹni tí kò lè ka ojú ìwé tí ó kún fọ́fọ́ lè ka gbólóhùn kan lábẹ́ ojú tí ó mọ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyí fi sílẹ̀: àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n bí a kò bá fi àmì sí wọn, ọgbọọgba ni wọ́n rí. Òǹkàwé yóò máa padà sẹ́yìn kí ó tó mọ èyí tí a ń wí, bí ó bá sì padà títí, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò pa ìwé dé.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó pe akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọsẹ̀ nínú Yorùbá kíkà ní ọ̀lẹ, kí ó kọ́kọ́ wo ìwé tí ó gbé fún un. Ṣé àmì wà lórí ọ̀rọ̀? Ṣé ìpínrọ̀ kò gùn jù? Ṣé àkọlé ń tọ́ka ọ̀nà? Bí ọ̀nà bá kún fún gbòǹgbò, kì í ṣe ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò nìkan ni ó yẹ kí a bá wí.