Ẹja àti Ìrẹsì: Ìtàn Oúnjẹ Súṣì, pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ lórí Ẹja Yíyan Ìwópin

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ti oúnjẹ. Ẹni tí kò tọ́ oúnjẹ ilẹ̀ mìíràn wò rí lè rò pé ti ilé òun nìkan ni ó yẹ ènìyàn í jẹ. Ẹni tí ó sì ti tọ́ ti ilẹ̀ mìíràn wò lè bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́gàn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn oúnjẹ kan tí ó ti ilẹ̀ Jàpáànì wá, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ súṣì, kí a sì fi í wé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ní Ìwópin àti ní etí ọ̀sà Ìjẹ̀bú gbogbo.

Ní ọ̀rúndún tí a wà yìí, àwọn ilé oúnjẹ tí a ti ń ta súṣì ti dé Èkó. Ní Victoria Island, Izanagi àti Shiro wà lára àwọn tí orúkọ wọn tàn kálẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àlejò a jókòó níwájú alásè, a sì máa wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Alásè a bu ìrẹsì tí a ti sè, tí a sì ti po ọtí kíkan, ṣúgà àti iyọ̀ pọ̀ mọ́; a fi àtẹ́lẹwọ́ mọ ọ́n bí òkèlè kékeré; a sì gbé ègé ẹja pẹlẹbẹ lé e lórí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹja náà kò kan iná rárá. A máa ń fi koríko òkun gbígbẹ wé òmíràn. Ọwọ́ tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni a fi ń jẹ ẹ́. Owó tí a ń san fún un kì í ṣe kékeré, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé oúnjẹ ọlọ́lá ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá. Ìtàn kò wí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà gbà pé ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, ní agbègbè odò Mekong, ni ọgbọ́n náà ti ṣẹ̀. Àgbẹ̀ onírẹsì ni àwọn ènìyàn ibẹ̀. Nígbà òjò, ẹja a pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a di ọ̀wọ́n. Báwo ni a ó ṣe pa ti òjò mọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn? Wọ́n fi iyọ̀ ra ẹja, wọ́n tò ó sínú ìkòkò pẹ̀lú ìrẹsì tí a ti sè, wọ́n sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìrẹsì a kan. Kíkan rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹja jẹrà. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, wọn a da ìrẹsì nù, wọn a sì jẹ ẹja. Ọgbọ́n àgbẹ̀ tí kò fẹ́ kí ebi pa ọmọ rẹ̀ ni súṣì ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí dé Jàpáànì láti ayé àtijọ́. Nínú ìwé òfin kan tí a ń pè ní Engishiki, tí a kọ parí ní ọdún 927, a ka súṣì mọ́ àwọn ohun tí ìgbèríko ń mú wá fún ọba gẹ́gẹ́ bí owó orí. Ní etí adágún Biwa, wọ́n ṣì ń ṣe irú ti àtijọ́ náà títí di òní: wọn a fi ẹja sínú iyọ̀ fún oṣù mélòó kan, wọn a sì tún tò ó sínú ìrẹsì fún bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òórùn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ irú àti ògìrì? Àlejò a di imú. Onílé a máa dá itọ́ mì.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, sùúrù àwọn ènìyàn kúrú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrẹsì náà pọ̀ mọ́ ẹja kí ó tó kan jù. Ní ọ̀rúndún 17, wọ́n rí i pé bí a bá da ọtí kíkan sí ìrẹsì, kò sí ìdí láti dúró de oṣù púpọ̀ kí ó tó kan. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ìlú Edo. Kì í ṣe Edo ti àwọn ará Bìní o; èyí tí à ń pè ní Tokyo nísinsin yìí ni. Ní ọ̀rúndún 18, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tó bí 1,000,000. Gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbàṣe àti ọmọ-ọ̀dọ̀ kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkùnrin tí kò ní aya nítòsí tí yóò se oúnjẹ fún wọn. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pa àtíbàbà olóúnjẹ sí etí ọ̀nà. Ní àwọn ọdún 1820, Hanaya Yohei, ẹni tí a bí ní 1799, di olókìkí nídìí títà súṣì tí a fi ọwọ́ mọ lójú ẹsẹ̀. Ẹja inú omi tí ó wà níwájú ìlú náà ni wọ́n ń lò. Nítorí pé kò sí yìnyín láti fi tọ́jú rẹ̀, wọn a bọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan tàbí omi ẹ̀wà sóyà oníyọ̀. Òróòró ni oníbàárà ń dúró jẹ ẹ́, tí ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nínú èyí a rí àwòrán ara wa. Ta ni kò mọ ẹlẹ́kọ àti alákàrà tí ń kiri ní kùtùkùtù? Ta ni ó lè wa ọkọ̀ láti òru títí dé ọjà Ẹ̀jìnrìn tí kò ní wá olóúnjẹ kí ó tó ná ọjà? Jíjẹun ní ẹ̀yìn ilé ẹni kì í ṣe àṣà tí òyìnbó mú wá. Iṣẹ́ àti ìrìn-àjò ni ó bí i, níbi gbogbo tí ènìyàn pọ̀ sí.

Ohun tí ó kù nínú ìtàn náà kò gùn. Nígbà àtúntò Tempo, ní 1841 sí 1843, ìjọba fi òfin de àwọn tí ń ta súṣì olówó gọbọi. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá wó Tokyo. Àwọn alásè tí ibi iṣẹ́ wọn bàjẹ́ padà sí ìlú wọn, wọ́n sì mú ọgbọ́n náà dé ibẹ̀. Ní 1958, Yoshiaki Shiraishi, tí ó ti rí ọ̀já tí ń gbé ìgò yí ká nínú ilé ìpọntí bíà, ṣí ilé oúnjẹ kan ní ẹ̀bá Osaka, níbi tí irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ ti ń gbé àwo súṣì kọjá níwájú àwọn oníbàárà. Ní àwọn ọdún 1960, súṣì fìdí múlẹ̀ ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ amómidìyìnyín àti ọkọ̀ òfuurufú ni ó jẹ́ kí ẹja tútù lè rìn jìnnà, títí súṣì fi dé Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìwópin nísinsin yìí. Ọ̀sà Lekki, tí ìlú náà wà ní etí rẹ̀, ń ṣàn gba Ẹ̀pẹ́ lọ bá ọ̀sà Èkó, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè sọ pé omi Ìwópin àti ti Victoria Island so mọ́ ara wọn. Ọ̀bọ̀kún, àrọ̀ àti epìyà wà nínú rẹ̀. Ìṣòro àwọn baba wa níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn ará Mekong: ẹja tí a pa ní òwúrọ̀ lè bàjẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ewùrà ni oúnjẹ wọn, kì í ṣe ìrẹsì. Igi sì pọ̀ nínú igbó wọn. Èéfín ni wọ́n yàn. Ìyá ẹlẹ́ja a fọ ẹja mọ́, a ká àrọ̀ rìbìtì, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un kí ó má bàa tú, a tò ó sórí àwọ̀n irin, a sì dá iná jẹ́jẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹja a jóná síta, inú rẹ̀ a sì tutù. Bí ó bá kéré jù, ìdin a wọ̀ ọ́. Ooru a fa omi inú ẹja jáde, èéfín a sì dènà ìbàjẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irú ẹja báyìí ni a ń wa ọkọ̀ gbé lọ sí ọjà, tí a sì ń rù lọ sí òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ó ti ń wọ inú ìkòkò ìkókorẹ́. Àwọn kan fi kíkan ìrẹsì tọ́jú ẹja, àwọn kan fi èéfín. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

A ní láti kìlọ̀ níhìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ìtàn yìí tán kí ó lọ gé ẹja ọ̀sà jẹ ní tútù. Aràn tí ó lè ṣe ènìyàn ní ibi a máa wà nínú ẹja omi dídùn. Àní ẹja òkun pàápàá, ìlànà tí àwọn ará Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a ó jẹ ní tútù ni pé kí a kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ tí ó tutù dé 20 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, fún ọjọ́ 7. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Kí ni ìtàn yìí fẹ́ kọ́ wa? Oúnjẹ tí àgbẹ̀ fi sá fún ebi, tí alágbàṣe sì ń dúró jẹ ní etí ọ̀nà, ni ó di ohun tí àwọn ọlọ́lá ń náwó lé. Ẹja kan náà ni, ìrẹsì kan náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ín kò tijú rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe láti ìran dé ìran, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí àkọsílẹ̀ ọdún 927 ni àwa tí a wà ní etí ọ̀sà Ìjẹ̀bú ṣe lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ìwé wo ni ó sọ ti ẹja yíyan Ìwópin? Orí àti ọwọ́ àwọn ìyá àgbà ni gbogbo ìmọ̀ náà wà. Ewu sì wà níbẹ̀. Láti ọdún 1984, nígbà tí koríko olódòdó tí ń léfòó lórí omi gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ wa, ni ó ti ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àti àwọ̀n lórí àwọn ọ̀sà wa. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ wá iṣẹ́ sí ìlú ńlá. Bí ìyá àgbà bá kú láìkọ́ ẹnìkan, igi tí ó fi ń yan ẹja àti àmì tí ó fi ń mọ̀ pé ó ti jinná yóò bá a wọ ilẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Ìwópin láti máa ṣe bébà. Ó yẹ kí ìlú tí a mọ̀ mọ́ bébà rí ewé bébà díẹ̀ fi kọ ìtàn ẹja rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Kí wọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan àti oṣù tí ó ń pọ̀. Kí wọ́n béèrè irú igi tí èéfín rẹ̀ dára, iye wákàtí tí ẹja ń pẹ́ lórí iná, àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní èdè wa, pẹ̀lú orúkọ ìlú àti ọdún tí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí Ọlọ́run bá sì mú yín dé ilé oúnjẹ àwọn ará Éṣíà ní ọjọ́ kan, ẹ jẹun pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ẹlòmíràn ni. Irú ọ̀wọ̀ kan náà ni kí ẹ máa fún ìyá tí ó jókòó ti iná ẹja ní etí ọ̀sà, tí èéfín ń wọ ojú rẹ̀ kí ilé yín lè rí ọbẹ̀ jẹ.