Irun Abiyamọ àti Òrí Ìgbẹ́tì

Kì í ṣe ìyá òde òní ni ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti dín làálàá irun orí kù. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé irun wẹ́wẹ́ tí ó pọ̀ ni ẹwà wúńdíá. Ṣùgbọ́n abilékọ a máa di tirẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá pàdé láàárín orí. Bí irun bá sì ti wẹ́ tó ni ìjókòó ń pẹ́ tó. Oko àti ọjà kì í dúró de ìyá ọlọ́mọ.

Ìgbẹ́tì wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, níbi tí igi òrí ti ń hù. Àwọn obìnrin a ṣa èso rẹ̀, wọn a sá kóró rẹ̀, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì pò ó mọ́ omi títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Òrí kan náà yìí ni ìpara ọmọ, òun náà ni ti irun ìyá. A fi òòyà ya irun, a fi òrí pa á, a di kòlẹ́sẹ̀, ó parí.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ń di irun abiyamọ. Ẹni tí ó bá ra òrí lónìí tí kò ní aládùúgbò tí yóò bá a dirun, ìdajì ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni ó rà.