Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Nígbà Òtútù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ni í wẹ òsì, tí òsì í wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ fi ń mọ́. Òwe ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, bóyá ni ọ̀rọ̀ omi àti ọṣẹ sì fi máa ń wà lọ́kàn ẹni tí ó bá pa á. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún. Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti dókítà a máa fọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn, wọn a sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án tán, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òwe náà kò sọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ tí a ń wẹ̀ láìsinmi, pàápàá ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú. Ìtàn ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1847, dókítà ọmọ Hungary kan, Ignaz Semmelweis, ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ilé ìwòsàn ńlá ti ìlú Vienna. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀ka náà pín sí. Àwọn agbẹ̀bí ni wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní èkejì. Ikú pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aboyún fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á má gbé àwọn lọ síbẹ̀. Nínú oṣù Kẹta ọdún náà, ọ̀rẹ́ Semmelweis, Jakob Kolletschka, fara gba ọ̀bẹ níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò, ó sì kú. Semmelweis rí i pé àìsàn tí ó pa á kò yàtọ̀ sí ibà tí ń pa àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ó wá yé e pé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ òkú bọ̀ wá sọ́dọ̀ aboyún ni ó ń gbé ikú kiri. Ní àárín oṣù Karùn-ún, ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù máa fi omi tí a po klórínì mọ́ fọwọ́. Nínú oṣù Kẹrin, ìyá tí ó lé díẹ̀ ní 18 nínú 100 ni ó kú; nígbà tí ó fi di oṣù Kẹfà, díẹ̀ ni iye náà fi lé ní 2 nínú 100.

Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn yìí pọ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ mọ́ ọn ni pé mọ̀lẹ́bí ohun tí alágbàfọ̀ fi ń sọ aṣọ di funfun ni Semmelweis fún àwọn ènìyàn rẹ̀ fi fọwọ́. Ohun tí ó lè bó àbàwọ́n kúrò lára aṣọ kò ní ṣàìbá awọ ara jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí Joseph Lister ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí rẹ̀ nípa kábọ́líìkì jáde ní 1867. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń ki ọwọ́ bọ oògùn apakòkòrò lóríṣiríṣi. Ọgbẹ́ aláìsàn ń jinná, ọwọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ sì ń di ọgbẹ́.

Ẹni tí ìtàn fi ojú rere wò nípa èyí ni obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Caroline Hampton. Ọmọ ìdílé ọlọ́lá ni, láti South Carolina ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní New York, ó sì di olórí nọ́ọ̀sì nínú iyàrá iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn Johns Hopkins, tí wọ́n ṣí ní Baltimore ní 1889. William Halsted ni ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀, kò sì gba gbẹ̀rẹ́ nípa ìmọ́tótó. Omi tí a po mákúrì kílóráídì mọ́, ìwọ̀n kan nínú ẹgbẹ̀rún, ni ó ní kí gbogbo ẹni tí yóò bá òun ṣiṣẹ́ máa ki ọwọ́ bọ̀. Ìgbà òtútù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1889 tí ó parí ní 1890 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Halsted fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní òun kò rántí oṣù tí ó jẹ́ mọ́. Ọwọ́ àti apá nọ́ọ̀sì yìí bó, ó pọ́n, ó ń ta á, ó sì wá fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀gá kò ní kí ó fara dà á, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Goodyear pé kí wọ́n bá òun ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí yóò bo ọwọ́ kọjá ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ó di oṣù Kẹfà ọdún 1890, ó gbé nọ́ọ̀sì náà níyàwó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí adùn ìfẹ́ inú ìtàn yìí mú wa gbàgbé kókó rẹ̀. Kì í ṣe nítorí aláìsàn ni ìbọ̀wọ́ ṣe kọ́kọ́ wọ iyàrá iṣẹ́ abẹ Halsted, bí kò ṣe nítorí ọwọ́ obìnrin kan tí òtútù àti oògùn ti bà jẹ́. Àwọn tí ń gbé irinṣẹ́ fún ọ̀gá ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó. Ọ̀gá alára kì í sábà wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Joseph Bloodgood, ni ó sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ń di ọ̀bẹ mú, tí ó sì fi hàn ní 1899 pé egbò àwọn tí a ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún kò kẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ya Halsted lẹ́nu pé ojú àwọn fọ́ sí ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn fún ọdún púpọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tí ń ya mí lẹ́nu: mélòó nínú àwọn nọ́ọ̀sì ìgbà náà ni ọwọ́ wọn bó, tí kò sí ọ̀gá kankan tí ó fẹ́ fẹ́ wọn?

Kí ni ó dé tí òtútù fi ń dá kún un? Òkè awọ ara wa dà bí ògiri, ọ̀rá ni amọ̀ tí ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí kò jẹ́ kí omi ara jò dànù. Iṣẹ́ ọṣẹ ni láti bó ọ̀rá kúrò, kò sì mọ èyí tí ó jẹ́ ẹrẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ tiwa. Afẹ́fẹ́ tútù kò lè gba omi púpọ̀ sínú. Bí a bá wá mú un gbóná nínú ilé láìfi omi kún un, òǹgbẹ a máa gbẹ ẹ́, ara wa ni yóò sì ti wá omi mu. Awọ a gbẹ, a le, a sì là. Ẹni tí ó bá mọ ọyẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọyẹ́ kí wọ́n tó mọ yìnyín. Kofoworola Abẹni Pratt, ọmọ Èkó, wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas', ní London, ní 1946. Òun náà ni ó padà di olórí nọ́ọ̀sì UCH ní Ìbàdàn ní 1964. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí ó bá a níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó le jù ní ọ̀rúndún náà: láti oṣù Kìíní títí di oṣù Kẹta ọdún 1947 ni yìnyín fi bo ilẹ̀, èédú wọ́n, iná mànàmáná ń lọ. Ọṣẹ pàápàá, ìwọ̀n ni ìjọba ń fi pín in láti 1942 títí di 1950. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Ohun tí àwọn ìyá wọn kọ́ wọn nílé ni pé bí ènìyàn bá wẹ̀ tán lásìkò ọyẹ́, kí omi tó gbẹ tán lára rẹ̀ ni kí ó ti fi òrí tàbí àdín para. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ: òróró kì í bu omi fún awọ, ṣe ni ó ń sé èyí tí ó wà níbẹ̀ mọ́lé. Ṣùgbọ́n kí á má fi ìfẹ́ ohun ìbílẹ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Igbá òrí kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn ń ki ìka bọ̀ kò yẹ ní ilé ìwòsàn, nítorí kòkòrò àrùn yóò gba ibẹ̀ kiri. Òróró a sì máa jẹ ìbọ̀wọ́ tí a fi oje igi rọ́bà ṣe. Ìparí iṣẹ́ àti àṣálẹ́ nílé ni àkókò òrí.

Ìbọ̀wọ́ náà sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Láti 1987, nígbà tí àrùn AIDS mú kí á máa wọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ gbogbo tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ni àwọn tí oje rọ́bà kì í bá lára mu ti ń pọ̀ sí i, àtíkè inú rẹ̀ sì ń gbé ìbínú náà wọ imú. Amẹ́ríkà fòfin de ìbọ̀wọ́ alátíkè ní oṣù Kìíní ọdún 2017.

Ibi tí ọ̀nà ti ṣí jù ni ilé ìwòsàn yunifásítì ti Geneva. Níbẹ̀ ni Didier Pittet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, pé bí spírítì ìfọwọ́ bá wà lẹ́bàá ibùsùn, òṣìṣẹ́ a máa fọwọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àrùn tí aláìsàn ń kó nílé ìwòsàn a sì dín kù. Èyí tí àjọ WHO fi àpòpọ̀ rẹ̀ léde fún gbogbo ayé ní gilísẹríìnì nínú, ìwọ̀n 1.45 nínú 100, nítorí awọ ọwọ́ nìkan ṣoṣo. Àwọn nọ́ọ̀sì kan a máa sá fún un pé ó ń ta wọ́n. Lóòótọ́ ni, ojú ibi tí ó ti là ni ó ń ta. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ni ó là á, spírítì kan tú àṣírí rẹ̀ ni. Bí ọwọ́ kò bá ní ẹrẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀, spírítì sàn fún awọ ju ọṣẹ lọ. Bí ó bá sì di dandan kí á lo ọṣẹ, kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí á ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá títí dé abẹ́ òrùka, kí á fi aṣọ tẹ ọwọ́ gbẹ láìha á, kí á má sì ki ọwọ́ tútù bọ ìbọ̀wọ́. Lóru, ìpara tí ó ki lábẹ́ ìbọ̀wọ́ òwú a máa ṣe iṣẹ́ tí ọ̀sán kò jẹ́ kí ó ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹwà ọwọ́. Ojú ibi tí awọ ti là ni kòkòrò àrùn ń fi ṣe ilé, omi kì í sì í lé wọn kúrò níbẹ̀ tán. Ẹni tí ọṣẹ ń ta yóò máa yẹra fún ọṣẹ, aláìsàn tí ó kàn ni yóò sì jẹ gbèsè náà. Ìyẹn ni ìlànà tí WHO gbé jáde ní 2009 ṣe sọ pé kí ilé ìwòsàn máa pèsè ìpara ọwọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, àpò ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ṣì fi ń ra tirẹ̀.